Àpótí ìwé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa: kí ni ká ṣe sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù abúlé wa nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó. Bàbá tó ṣe akọ̀wé kí n tó dé ti papòdà, àwọn ọmọ wọn wá gbé àpótí kan fún mi, ìwé ìpàdé, ìwé tí wọ́n ń kọ góòlù sí, lẹ́tà, fọ́tò rẹpẹtẹ. Ikán ti jẹ lára ẹ̀, òjò sì ti pa díẹ̀. Àwọn kan ní ká láminéètì gbogbo ẹ̀, àwọn kan ní ká yà á sórí WhatsApp ká sun ìyókù. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, akọ̀wé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sun nǹkankan, ẹ má sì láminéètì nǹkankan. Tí náílọ́ọ̀nù yẹn bá ti fi iná lẹ̀ mọ́ ìwé, kò ṣeé ṣí mọ́, ìwé tó ní omi lára á sì jẹrà sínú ẹ̀ níbẹ̀. Sẹ́lótéèpù náà, ọ̀tá ìwé ni, á pọ́n, á gbẹ, á re, àbàwọ́n ẹ̀ ò sì ní kúrò.

Iṣẹ́ títọ́jú ìwé àtijọ́ ni mò ń ṣe, fọ́tò tó ṣì ń dán gbinrin tí ò sẹ́ni tó mọ orúkọ àwọn tó wà nínú ẹ̀ mọ́ máa ń dùn mí ju ìwé tí ikán jẹ lọ. Torí náà kẹ́ ẹ tó ra fáìlì kankan, ẹ kó àwọn fọ́tò yẹn lọ bá àwọn bàbá tó gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà, lọ́sẹ̀ yìí gan-an. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ máa nawọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ta lèyí, ta ló dúró tì í, pápá ibo nìyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èdè Ìjẹ̀bú wọn sọ ọ́ o, ìyẹn náà wà lára ohun tá à ń tọ́jú. Tí wọn ò bá rántí ọdún, ẹ bi wọ́n pé ṣé Kábíyèsí Adétọ̀nà ti gorí oyè Awùjalẹ̀ nígbà yẹn, 1960 nìyẹn, ṣé mọ́tò ti ń gba apá ọ̀tún, 1972, ṣé Awólọ́wọ̀ ti kú, 1987. Wọ́n á rántí. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi rọra kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, bírò máa ń tẹ̀ ẹ́ débi táá hàn níwájú.

Lẹ́tà tí ò ní déètì náà máa ń tú ara ẹ̀ fó. Tó bá jẹ́ pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n fi ṣírò owó inú ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó ti wà ṣáájú January 1973 tí náírà dé. Tí wọ́n bá tẹ Western State sókè ẹ̀, àárín 1967 sí 1976 ni, torí February 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ látinú ẹ̀.

Ní ti ikán, ẹ tú gbogbo ẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ wà, lábẹ́ ibòji o, oòrùn máa ń pa yíǹkì, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbọ̀n ọ́n. Ẹ má fín oògùn kòkòrò sí i lára. Ẹ yọ gbogbo píìnì tó ti dípẹtà. Fọ́tò tó bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ má fipá ya á, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Páálí ni kẹ́ ẹ kó o sí, orí pẹpẹ tó jìnnà sí ògiri, má ṣe gbé e sókè àjà tí pánù ti ń gbóná.

Yíyà náà dáa, ẹ yà á lójú fèrèsé lọ́sàn-án láìtan fláàṣì, ojú ewé kan tẹ̀lé èkejì. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ lásán, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì. Ẹ fi ọdún bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ ṣe é lọ́nà mẹ́ta: ọ̀kan lórí fóònù, ọ̀kan lórí Google Drive, ọ̀kan nínú fláàṣì tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, lọ́wọ́ ọmọ ìlú tó ń gbé Èkó.

Ojúlówó ẹ̀ ńkọ́? Kó má padà sílé akọ̀wé mọ́, ibẹ̀ ló kù díẹ̀ kó bàjẹ́ sí. Láíbìrì ilé ìwé tàbí ààfin dáa, kẹ́ ẹ kọ líìsì gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí alága mú ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó bá yá nǹkan níbẹ̀ sì sáìn.