Ọgbà ẹ̀fọ́ ní Àjàṣẹ́: ebè ni kí ẹ máa kà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àjò. Ẹ ní ẹ fẹ́ fowó ránṣẹ́ láti Gàbọ́ọ̀nù kí àbúrò yín fi dá ọgbà ẹ̀fọ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin), ẹ sì ń béèrè ilẹ̀ tí ẹ máa rà. Ẹ má tíì rà. Ẹ yá ilẹ̀ ná. Ilẹ̀ tó bá sún mọ́ ìgboro, tẹ̀tẹ̀ ló wà lórí ẹ̀ lónìí, bíríkì ni lọ́la. Kí olórí ẹbí tó ni ín fọwọ́ sí ìwé níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí wọ́n bá tilẹ̀ tà á, ẹ ó kórè ohun tó wà lórí ebè kí ẹ tó kúrò.

Kí àbúrò yín tọ́ omi wò kó tó wo ilẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ọ̀sà a máa níyọ̀, ewé á sì jó létí. Omi kànga ni kẹ́ ẹ lò. Ebè tó fẹ̀ ní mítà 1.20, tó gùn ní mítà 10, ń mu bíi lítà 80 lójúmọ́ lẹ́ẹ̀rùn, agolo ìbomirin lítà 10 mẹ́jọ. Bí ebè bá di 20, agolo 160 ni lójúmọ́. Nítorí náà, bó bá béèrè ẹ̀rọ tó ń fa omi, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ẹ fi ebè 10 bẹ̀rẹ̀. Márùn-ún fún tẹ̀tẹ̀, mẹ́ta fún gbọ̀mà (ẹ̀fọ́ tó jẹ́ ẹbí ìgbá), méjì fún ọ̀ọ́yọ́. Kó máa gbin ebè tẹ̀tẹ̀ kan lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí títà má bàa bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà, bíi kílò 30 ni kó dà sí ebè kan. Kó kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ inú òkìtì ìgbẹ́ náà: bó bá ṣì gbóná, tàbí tí òórùn ẹ̀ ń ta ní imú, kò tíì ṣe é lò, yóò jó ọ̀dọ́ ewé.

Bí ewé tẹ̀tẹ̀ bá ká kò, kòkòrò ló wà nínú ẹ̀. Kó gún èso dóńgóyárò gíráàmù 500, kó rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 di ọjọ́ kejì, kó sẹ́ ẹ, kó fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kó fọ́n ọn nírọ̀lẹ́, torí oòrùn máa ń pa agbára ẹ̀. Oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sí oko òwú ò gbọdọ̀ dé ọgbà yẹn láéláé. Ẹ̀fọ́ tí èèyàn máa jẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni! Bí gbòǹgbò gbọ̀mà bá ní kókó-kókó bí ìlẹ̀kẹ̀, kó má gbin gbọ̀mà, ọ̀ọ́yọ́ tàbí tòmátì síbẹ̀ mọ́ lọ́dún náà.

Àwọn ìyálọ́jà tó ń tà ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ máa ń wá sí oko, wọn á wo ebè, wọn á dúnàá dúrà, wọn á ra gbogbo ẹ̀ lórí ìdúró, wọn á gé e fúnra wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní láti fi okùn wọ̀n gbogbo ebè dọ́gba, kí ẹ kan igi nọ́ńbà mọ́ ọn. Kí àbúrò máa fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, láti igun kan náà, pẹ̀lú ọjọ́ tó gbìn ín àti iye tó tà á. Ẹ má san owó oṣù. Ẹ fún un ní ìpín lórí ebè kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Owó àkọ́kọ́ tí ẹ máa fi ránṣẹ́ yẹ kó dé ní oṣù kẹwàá, kó lè ráyè múra sílẹ̀, torí láti oṣù kìíní sí ìkẹta, tí òjò ti dá, ni ẹ̀fọ́ máa ń wọ́n. Bí ebè bá ṣófo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn títà, ẹ pè é kí ẹ tó tún fi owó mìíràn ránṣẹ́.