Ohùn ti lọ, ṣùgbọ́n àbúrò mi ń gbàgbé nǹkan: ṣé oògùn ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Lọ́dún tó kọjá ni àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 22, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́, tó ń sọ pé àwọn ará àdúgbò ń fi fóònù ṣọ́ òun. Kò ṣe é rí. A gbé e lọ sí Yábàá, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ohùn náà sì lọ. Ọ̀dọ̀ mi ló wà báyìí, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdúmọ̀tà. Bí mo bá rán an ní nǹkan mẹ́ta, ọ̀kan ló máa mú bọ̀. Ó ń ṣi ṣéńjì kà fún kọ́sítọ́mà. Ó ka ìwé, kò lè sọ ohun tó kà. Màmá wa ní oògùn ló sọ ọ́ di dìndìnrìn, pé ká dá a dúró. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó lè padà sí Yabatech?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ má dá oògùn náà dúró. Ọ̀pọ̀ ẹni tó pa oògùn tì láìbi dókítà lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ ni àìsàn náà ń padà bá, àtikápá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì sì lè nira ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ohun tí Màmá rí kì í ṣe irọ́. Ibi tí wọ́n ní ó ti wá ni mi ò bá wọn dé. Àìsàn tí àwa oníṣègùn ń pè ní psychosis kì í ṣe ohùn àti ìfura nìkan. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí kì í pariwo: ọpọlọ kò lè gbájú mọ́ nǹkan kan pẹ́, kò lè di ọ̀rọ̀ mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó fi ṣiṣẹ́, èrò ń falẹ̀, ètò ṣíṣe ń dojú rú. A ń rí i lára àwọn tí kò tíì gbé oògùn kankan mì rí. Lára àwọn mìíràn, ó ti wà kí ohùn tó dé. Ẹ wo èsì ìdánwò àbúrò yín nílé ìwé: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀? Ó lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó fura rárá. Oògùn tó pa ohùn lẹ́nu mọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ran apá yìí lọ́wọ́. Ìgbà tí ariwo kúrò nílẹ̀ ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè rí i.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán an. Bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, alábàárù ń ké "Àgò! Àgò o!" lẹ́yìn yín, ẹni tó ń ta oògùn eku ń polówó, ọkọ̀ ń fun fèrè. Ọpọlọ tiyín ń ti gbogbo ìyẹn sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Tirẹ̀ kò rí i ṣe báyìí, gbogbo rẹ̀ ló ń rọ́ wọlé pọ̀. Nítorí náà, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé ó gbàgbé ohun tẹ́ ẹ ní kó rà. Ọ̀rọ̀ yín ni kò ráyè wọlé. Ẹ pè é wọnú ṣọ́ọ̀bù, ẹ rán an ní ohun kan tàbí méjì, kó tún un sọ fún yín, kó kọ ọ́ sínú fóònù kó tó jáde. Owó gbígbà nígbà tí ọjà bá gbóná, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn ná. Òun lè máa to ọjà, kó máa ka èyí tó kù láàárọ̀ kí èrò tó dé. Aláàmù ni kó máa rán an létí oògùn. Ẹ má sì dán an wò níwájú kọ́sítọ́mà, pé "Kí ni mo ní kó o rà?" Ojú máa ń tì wọ́n, ẹni tójú sì ń tì kì í ronú dáadáa.

Síbẹ̀, Màmá fọwọ́ ba òótọ́ díẹ̀. Bí benzhexol bá wà nínú oògùn rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Artane, tí wọ́n ń fúnni nítorí ọwọ́ gbígbọ̀n tàbí kí ara má baà le, ìyẹn lè ṣàkóbá fún ìrántí lóòótọ́. Àwọn kan ṣì ń gbé e mì nígbà tí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún wọn ti lọ tipẹ́. Ẹ béèrè bóyá ó ṣì nílò rẹ̀, bóyá wọ́n lè dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má yọ ọ́ fúnra yín o, ọrùn rẹ̀ lè gan lójijì. Bó bá sì ń tòògbé láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ sọ fún wọn. Wọ́n lè tún ìwọ̀n oògùn tàbí àsìkò tó ń lò ó ṣe.

Ẹ bi í níkọ̀kọ̀, láìjà, bóyá ó ń fa igbó. Oorun rẹ̀ ńkọ́? Mi ò bá àdúrà jà, onígbàgbọ́ ni èmi náà, àmọ́ ìṣọ́ òru léraléra kò dára fún un ní àsìkò yìí. Ìbànújẹ́ náà máa ń tẹ̀ lé àìsàn yìí, ó sì máa ń jọ ìgbàgbé. Bó bá sọ pé ayé ti sú òun, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì.

Ní ti Yabatech, mi ò ní sọ pé kò ní lè ṣe é. Kì í ṣe irú ìgbàgbé àwọn àgbà tó ń burú sí i lọ́dọọdún. Àwọn kan ń bọ̀ sípò dáadáa, àwọn mìíràn á ṣì falẹ̀ díẹ̀, a kò sì lè dájọ́ ẹ ní kùtùkùtù báyìí. Ẹ gba ìwé láti ilé ìwòsàn, kẹ́ ẹ fi tọrọ ààyè lọ́wọ́ ilé ìwé kó lè sún ẹ̀kọ́ rẹ̀ síwájú. Iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́dọ̀ yín, bẹ́ ẹ bá tò ó bí mo ṣe sọ, ìdánrawò gidi ni. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tiẹ̀ wà fún ìrántí àti ìfọkànsí, tí ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá so ó pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe ní ti gidi. Géèmù orí fóònù nìkan kò tó. Ẹ béèrè onímọ̀ ìrònú àti ìwà, ẹ sì béèrè occupational therapist, ìyẹn ẹni tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ kó lè padà máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀. Ọ̀ṣòdì níbí ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà wà.

Lọ́jọ́ kílíníìkì tó ń bọ̀, ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo bó bá wà. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ń rí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kóun náà kọ tirẹ̀. Ẹ sì mú Màmá dání, kí wọ́n fẹnu ara wọn bi dókítà rẹ̀ ní ìbéèrè tí wọ́n bi yín.