Kí ló dé tí fóònù fi ń pẹ́ kó tó rí sípíkà Bluetooth tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Áàpù tí mo ń kọ máa ń wá sípíkà Bluetooth. Bí sípíkà tilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ìgbà mìíràn á yọ lójú ẹsẹ̀, ìgbà mìíràn á pẹ́, ìgbà mìíràn kò ní yọ rárá. Ṣé mo lè jẹ́ kí wíwá náà dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 3?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 3 kò tó, bó ti wù kí sípíkà sún mọ́ fóònù tó.

Classic, irú Bluetooth tí ọ̀pọ̀ sípíkà fi ń gba orin, ní ṣánẹ́ẹ̀lì (ojú ọ̀nà rédíò) 79, láti 2402 MHz dé 2480 MHz. Bí ẹ̀rọ méjì bá ti so pọ̀, wọ́n jọ ń fò láti ṣánẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn nígbà 1600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí aago kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n ṣì ń wá ara wọn, kò sí aago àjùmọ̀lò. Ọ̀kan ò mọ ibi tí èkejì wà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ya ṣánẹ́ẹ̀lì 32 péré sọ́tọ̀ fún wíwá, tí ẹni tó ń wá ń sáré, tí ẹni tí à ń wá sì ń rọra.

Fóònù pín 32 náà sí ọ̀wọ́ méjì. Láàárín 10 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), á ti ké lórí gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì 16 tó wà nínú ọ̀wọ́ kan, á sì ti tẹ́tí fún èsì. Sípíkà á dúró sórí ẹyọ kan fún ìṣẹ́jú àáyá 1.28 (1.28 s) kó tó pààrọ̀ rẹ̀, kì í sì í fetí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà: ó sábà máa ń jẹ́ 11.25 ms péré, lẹ́ẹ̀kan nínú 2.56 s. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó fi díẹ̀ ju 10 ms lọ, kí ọ̀wọ́ kan lè kọjá tán kó tó pa etí dé.

Ibi tí ìṣẹ́jú àáyá 3 ti kùnà nìyí: ìgbà 256 ni fóònù ń ké ọ̀wọ́ kan kó tó bọ́ sí èkejì, ìyẹn sì ti jẹ́ 2.56 s. Bí ṣánẹ́ẹ̀lì sípíkà bá wà nínú ọ̀wọ́ kejì, kò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ fi wá a ní tòótọ́. Bó bá gbọ́, á dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ tí kò ṣeé mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè tó 0.64 s, kí ẹ̀rọ méjì má baà máa dáhùn pọ̀ léraléra.

Ìlànà Bluetooth fẹ́ kí fóònù lo ọ̀wọ́ nígbà mẹ́rin, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10.24 s. Bí ẹ bá ń lo HCI (ọ̀nà tí sọ́fítíwià fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ Bluetooth), ẹ fi 8 sí Inquiry_Length, ìyẹn iye àkókò wíwá, nítorí 1.28 s ni ẹyọ kan. Lórí Android, startDiscovery, àṣẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ wíwá, ń lo bíi ìṣẹ́jú àáyá 12. Ẹ fi í sílẹ̀, àfi tí ẹ bá ti rí ohun tí ẹ ń wá. Nígbà náà, ẹ pe cancelDiscovery, èyí tó ń dá wíwá dúró, kí ẹ tó so ó pọ̀, torí wíwá máa ń fa ìsopọ̀ sẹ́yìn.

Bí kò bá yọ rárá, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá sípíkà wà ní ipò tí wọ́n ti lè rí i. Ọ̀pọ̀ ló ń fara pa mọ́ bí wọ́n bá ti so mọ́ fóònù mìíràn. Ẹ dá orin tó ń lọ lórí fóònù dúró, kí ẹ sì gbé Wi-Fi lọ sí 5 GHz. Ọgbọ́n tí Bluetooth fi ń yẹra fún ṣánẹ́ẹ̀lì tí Wi-Fi ti gbà kì í ṣiṣẹ́ nígbà wíwá, ó di ẹ̀yìn ìsopọ̀. Sípíkà tí ẹ ti so pọ̀ rí kò nílò wíwá mọ́: àdírẹ́sì rẹ̀ ni kí ẹ fi pè é tààrà.