Egungun Olóògbé Nínú Orúnkún Ọmọ Mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 24, fara pa nídìí bọ́ọ̀lù níbí ní Maryland, ní Amẹ́ríkà. Dókítà ní egungun rírọ̀ orúnkún rẹ̀ ti bó, ibẹ̀ fẹ̀ tó 3 cm², àwọn á sì fi ti olóògbé dí i. Ṣé kò ní máa lo oògùn títí ayé bíi ti àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún? Kí ló tún dé tí wọ́n ní ká máa retí ìpè? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Kò ní lo oògùn yẹn rárá. Egungun rírọ̀, tí à ń pè ní bisikíìtì bóònù tó bá di ti ẹran, kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, ara kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bá a jà. Egungun líle abẹ́ rẹ̀ ló lè dá wàhálà sílẹ̀, torí mùdùnmúdùn olóògbé wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára fọ̀ ọ́ dáadáa, tí wọn kì í sì í gé e nípọn ju bíi mílímítà 5 sí 8 lọ.

Ní ti ìpè, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàyè. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di yìnyín, ó kú nìyẹn. Inú omi olóúnjẹ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ní 4°C. Àyẹ̀wò àrùn máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 14, bó bá sì ti lé ní ọjọ́ 28, sẹ́ẹ̀lì tó ti kú á ti pọ̀ jù. Orúnkún olóògbé náà tún gbọ́dọ̀ bá ti ọmọ yín dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń retí ìpè; kó má rìnrìn àjò jìnnà lásìkò yìí.

Lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, wọ́n á gbẹ́ ojú ọgbẹ́ náà róbótó, wọ́n á wọn jíjìn rẹ̀ ní ọ̀gangan 12, 3, 6 àti 9 bíi ti ojú aago, wọ́n á wá gé irú rẹ̀ níbi kan náà lára egungun olóògbé. Ọwọ́ ló yẹ kí wọ́n fi tì í wọlé; òòlù tó bá le máa ń pa sẹ́ẹ̀lì.

Bó bá máa bàjẹ́, egungun abẹ́ ló sábà máa ń kọ̀ láti so mọ́ra, tí á sì wó. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀, tàbí tí iṣan tó de orúnkún ti já, tí wọn kò sì tún un ṣe, ẹrù á máa wúwo síbì kan. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ya X-ray gbogbo ẹsẹ̀ lórí ìdúró. Sìgá náà ń ṣàkóbá.

Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ni kó máa fi kan ilẹ̀, ọ̀pá abẹ́ abíyá ni á máa gbé e. Bọ́ọ̀lù? Oṣù 6 sí 12, bí dókítà bá gbà. Ní tèmi, kó má kánjú. Bí ibà bá mú un, bí ọgbẹ́ bá ń ṣọyún, tàbí tí iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tó sì ń dùn ún, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.