Pípa káàdì kọ́ ni fífagi lé ìwé ìròyìn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Mọdákẹ́kẹ́ ni mò ń gbé. Ọmọ mi tó wà lókè òkun ló ní kí n máa ka ìwé ìròyìn ibẹ̀ lórí fóònù. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ, ó ṣàdédé di ìlọ́po mẹ́rin, wọn ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Mo yọ áàpù náà kúrò, wọn ò dáwọ́ dúró. Ọmọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Lágere gbowó lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti bá mi fagi lé e, wọ́n tún yọ owó lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ní báyìí ó ní kí n lọ pa káàdì náà ní báǹkì, pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí. Ṣé kí n lọ? Báwo ni wọ́n tilẹ̀ ṣe ń yọ owó láìfi OTP ránṣẹ́ sí mi?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tíì lọ pa káàdì kankan. Ìdí kan ṣoṣo ló wà tí mo fi lè ní kí ẹ pa á, màá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí, ní lẹ́tà wínníwínní, pé iye báyìí ni fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó di iye tòótọ́. Ẹ má gbé ẹjọ́ yín ka ibẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ káàdì yìí, torí lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yin náà ti ra ìwé ìròyìn lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ rí: ẹ sanwó, ẹ gba ìwé, ó tán. Tí ẹ ò bá yà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́la, kò ní wá kàn yín nílẹ̀kùn. Ti orí fóònù yàtọ̀. Àdéhùn ni ẹ bá iléeṣẹ́ ìròyìn náà ṣe pé kí wọ́n máa gbowó títí ẹ ó fi sọ pé ó tó. Káàdì kàn jẹ́ ọ̀nà tí owó ń gbà kọjá ni. Tí ẹ bá dí ọ̀nà, àdéhùn ṣì wà níbẹ̀.

OTP tí ẹ tẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní yẹn ni àṣẹ. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà àrọ́pò kan tí wọ́n ń pè ní token ló sábà máa ń wà lọ́wọ́ wọn, òun ni wọ́n fi ń béèrè owó lóṣooṣù. Báǹkì á wò ó pé ẹ ti fọwọ́ sí i, á sì san án.

Ká ní ẹ wá pa káàdì, ẹ gba tuntun. Visa ní ètò kan, Mastercard náà ní tiẹ̀, tí báǹkì tó bá wọ inú rẹ̀ fi ń jẹ́ kí àwọn tó ń gba owó oṣooṣù mọ nọ́ńbà káàdì tuntun, kí sísan má bàa já. Ìrọ̀rùn oníbàárà ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, ẹ wò ó bó ṣe ń rọ̀ yín lọ́rùn tó! N ò ní gbogbo báǹkì wa ló wà nínú rẹ̀ o. Ẹ bi tiyín. Ṣùgbọ́n tí káàdì náà bá wà lórí àkáǹtì tí owó ìfẹ̀yìntì yín ń wọ̀, ẹ̀yin lẹ máa lọ tò ní báǹkì torí owó ara yín, iléeṣẹ́ ìròyìn ò ní tò.

Yíyọ áàpù kúrò náà, Google fúnra rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe fífagi lé. Mo fura pé kò sí ohun tí ọmọ Lágere yẹn ṣe ju pé ó tún un yọ. Ìbéèrè tèmi ni pé: ṣé ẹ fún un ní nọ́ńbà káàdì, àti nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé ẹ pe OTP fún un? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dìde báyìí, ẹ lọ pa káàdì náà. Nítorí tirẹ̀ ni o, kì í ṣe nítorí ìwé ìròyìn.

Ẹ wá ṣí alẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi yọ owó gbẹ̀yìn. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni ẹni tí ẹ máa lọ bá. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GOOGLE, ẹ wọ Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ tẹ "Payments & subscriptions", lẹ́yìn náà "Subscriptions", ẹ mú ìwé ìròyìn náà, ẹ fagi lé e. Tí kò bá sí níbẹ̀, ó lè jẹ́ Gmail mìíràn ni ọmọ yín lò. Ẹ pè é. Tó bá jẹ́ APPLE.COM/BILL, inú fóònù Apple ẹni tó ṣí i ni ẹ ti máa rí i. Tó bá jẹ́ orúkọ ìwé ìròyìn fúnra rẹ̀, ojú òpó wọn ni ẹ ń lọ, níbẹ̀ sì ni wàhálà wà.

Wọ́n á bẹ̀ yín. Wọ́n á bi yín ní ìdí, wọ́n á ní kí ẹ wá máa san ìdajì. Tí ẹ bá tẹ bẹ́ẹ̀ ni sí ìdajì yẹn, ẹ ò fagi lé nǹkan kan, ẹ kàn tún àdéhùn ṣe ni. Àwọn mìíràn á ní àfi kí ẹ pe àwọn lórí fóònù, ní aago ìlú wọn. Ní Jámánì, láti oṣù Keje ọdún 2022, òfin ní kí bọ́tìnì ìfagilé wà lójú òpó. Kalifọ́níà ti ní irú rẹ̀ láti 2018: ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè fagi lé e níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, gbà kí oníbàárà fagi lé ohun tó ti ṣètò sílẹ̀, bó tilẹ̀ lè san owó díẹ̀ tó bọ́gbọ́n mu lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ báǹkì ni mo jẹ́ tẹ́lẹ̀, n kì í ṣe lọ́yà, iléeṣẹ́ tí kò sì ní ọ́fíìsì ní Nàìjíríà ṣòroó mú. Ẹ má gbójú lé òfin nìkan.

Ìwé ẹ̀rí ni kí ẹ gbájú mọ́. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù níbi tó ti kọ ọ́ pé ó ti parí, ẹ sì tọ́jú ímeèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́. Tí wọ́n bá tún yọ owó lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ̀wé sí báǹkì, kì í ṣe ẹnu lásán. Nínú ìlànà Visa, irú ẹjọ́ yìí ní ìpín tirẹ̀, 13.2 ni nọ́ńbà ìpín náà. Òṣìṣẹ́ ẹ̀ka káàdì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Láìsí ẹ̀rí, ọwọ́ òfo ni wọ́n á fi dá yín padà. Tí báǹkì bá dákẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ gbé e lọ sí báǹkì àpapọ̀ CBN, wọ́n ní ẹ̀ka ní Òṣogbo. Owó tí wọ́n ti yọ kẹ́ ẹ tó fagi lé e, ẹ má retí rẹ̀.

Tí orúkọ tó wà lórí alẹ́ẹ̀tì bá yàtọ̀ sí àwọn tí mo dárúkọ, ẹ da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ ránṣẹ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ má fi nọ́ńbà káàdì sí i o.