Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Kí N Fi Orúkọ Ara Mi Sínú Sáàmù?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Kúbwá l'Ábújá ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo máa ń jí gbàdúrà kí n tó múra bọ́ sínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Láìpẹ́ yìí ni mo ṣàkíyèsí pé ohun kan náà ni mò ń sọ lójoojúmọ́: ṣọ́ àwọn ọmọ, pèsè owó ilé, jẹ́ kí ìgbéga mi jáde, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń retí rẹ̀. Ọkọ mi, ọmọ Aládùúrà, ní kí n máa ka Sáàmù 35 lẹ́ẹ̀méje sórí omi lóru. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní Jeremáyà 29:11, níbi tí Ọlọ́run ti ní èrò àlàáfíà ni òun ń rò, kì í ṣe ti ibi, ni kí n dì mú, kí n máa fi orúkọ mi sí i. Mo gbìyànjú méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ dà bí ìgbà tí mò ń ka ìwé ìròyìn. Ti ìkejì, ẹ̀rù bà mí, torí Ìfihàn 22 ní ẹni tó bá fi kún ọ̀rọ̀ ìwé náà, Ọlọ́run yóò fi ìyọnu kún un fún un. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì inú fóònù ni mò ń lò. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ìbejì, Kúbwá

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹ̀rù yẹn kúrò nílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ba àsọtẹ́lẹ̀ inú ìwé náà jẹ́ ni Ìfihàn 22 ń bá wí, kì í ṣe obìnrin tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Wo Jésù fúnra rẹ̀ lórí àgbélébùú, Lúùkù 23:46: "Baba, ní ọwọ́ rẹ ni mo fi ẹ̀mí mi lé." Sáàmù 31:5 nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ ṣí Sáàmù náà wò, kò sí "Baba" níbẹ̀. Jésù ló fi í sí i. Apá tó kù nínú ẹsẹ náà, tó sọ nípa ìràpadà, kò kà á. Ó mú èyí tó bá ẹnu rẹ̀ mu, ó sì pe Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ní orúkọ tó ti máa ń pè é tẹ́lẹ̀. Màríà náà ńkọ́? Orin Hánà inú Sámúẹ́lì Kìíní orí 2 ló ń dún lábẹ́ orin tirẹ̀ ní Lúùkù orí 1.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ. Ọmọ Aládùúrà ni èmi náà, mi ò ní bú ilé bàbá mi. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá mọ ọfọ̀. Kò kan ọfọ̀ bóyá inú ẹni tó ń pè é mọ́ tàbí kò mọ́. Kó ṣáà ti pè é pé, kó má ṣì í. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ka Sáàmù 35 nìyẹn: iye ìgbà, aago, omi. Ní tèmi, oríkì ló yẹ kí Sáàmù jọ lẹ́nu wa. Bí a bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ìyá mi àgbà, a ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kì í. Òun náà mọ̀ pé a fẹ́ tọrọ nǹkan. Síbẹ̀ inú rẹ̀ á dùn, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè kì í.

Ẹsẹ 28 ló wà nínú Sáàmù 35. Ẹsẹ àkọ́kọ́ ni gbogbo wa ń pariwo, pé kí Olúwa bá àwọn tó ń bá wa jà jà. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ kà á dé ẹsẹ 13 ni mo rí i pé ọkùnrin yìí ní nígbà tí àwọn ọ̀tá òun ń ṣàìsàn, òun wọ aṣọ ọ̀fọ̀, òun sì gbààwẹ̀. Ta ló ń ka ibẹ̀ sórí omi? Mi ò tíì gbọ́ ọ rí. Bí ọ̀gá kan bá wà tí o rò pé ó dí ìgbéga rẹ lọ́wọ́, ka Sáàmù náà dé ẹsẹ 13, kí o wá wò ó bóyá àdúrà tí o bá bẹ̀rẹ̀ náà ló ṣì wà lẹ́nu rẹ.

Jeremáyà tí ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ràn, lẹ́tà ni orí 29 yẹn, sí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì. Ẹsẹ 10 ní 70 ọdún ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbọ́ lẹ́tà náà kò ní fojú kan ilé mọ́. Ẹsẹ 7 ní kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún un. Àwa Yorùbá tó ń gbé ilẹ̀ Hausa, tiwa lẹsẹ yẹn. Ní ọdún 2000 tí rògbòdìyàn Ṣàríà bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná níbí, òun ni mò ń gbà ládùúrà nínú yàrá kan tí àwa mọ́kànlá há sí. Ẹsẹ 11 kò wá sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn. Fi orúkọ rẹ sí i, kò burú. Ṣùgbọ́n fi sí ẹsẹ 7 àti 10 pẹ̀lú.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ mi, orí bẹ́ǹṣì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ni mo ń sùn fún òru mẹ́sàn-án. Iná lọ. Nọ́ọ̀sì kan yá mi ní tọ́ọ̀ṣì. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ mi, irú èyí tó ṣì ń kọ "nyin" àti "yio", tí èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ parí ní 1884 jẹ́ ìyá fún. Àdúrà ti tán nínú mi. Mo ṣí Sáàmù 77, mo dé ẹsẹ 4, níbi tí Ásáfù ti ń sọ fún Ọlọ́run pé kò jẹ́ kí òun fojú ba oorun, pé ìdààmú bá òun débi tí òun kò lè sọ̀rọ̀. Mo fi ìka sí i. Mo ní, "Bàbá, ibí ni mo wà." Kò sí àdúrà mìíràn lóru yẹn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà wá gba tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ìka mi ṣì wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é títí dòní nìyẹn. Mo máa ń ka odidi Sáàmù kan, mo sì ń kà á síta, torí ojú máa ń fo ohun tí ahọ́n kò lè fò. Bí gbólóhùn kan bá dá mi dúró, mi ò lọ síwájú mọ́. Màá sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́jà.

Bẹ̀rẹ̀ láti Sáàmù 13, ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló béèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Sọ tìrẹ: "Olúwa, ó di ìgbà wo? Ọdún kẹrin rèé." Ní ẹsẹ 5 ló tó sọ pé òun gbẹ́kẹ̀ lé àánú Ọlọ́run. Bí o kò bá tíì lè sọ ìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, dúró sí ẹsẹ 2, kò sẹ́ni tó ń lé ọ. Èdè wo? Èyí tí o fi ń bá àwọn ìbejì wí nígbà tí inú bá ń bí ọ.

Omi tí Bàbá Ìbejì gbé sílẹ̀, má dà á nù o, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ mu ún, ooru Kúbwá kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n kó ka ẹsẹ 13 inú Sáàmù 35 sókè kó tó mu tirẹ̀.