“Ojú ń kán wa”: ìgbàgbé ni àbí ìkánjú?

Ìbéèrè: Wọ́n ní “A kúnlẹ̀ a yan ẹ̀dá, a dáyé tán ojú ń kán wa.” Ṣé ohun tí òwe yìí ń sọ ni pé a ti gbàgbé ohun tí a yàn? Ṣé òun náà kọ́ ni Freud ń wí, pé ibì kan wà nínú ọkàn èèyàn tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀?

Ìdáhùn: Òwe náà kò sọ̀rọ̀ ìgbàgbé rárá. Ẹ wo “kán” yẹn dáadáa: kán àti ojú ló di kánjú, ibẹ̀ la ti rí ìkánjú. Ẹni tí ojú ń kán dà bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀wà kaná, tó tún ń ṣí ìkòkò wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ìgbàgbé wà nínú ìtàn àyànmọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni: wọ́n ní bí èèyàn bá ti gba orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí lọ́run, tó kọjá lọ́dọ̀ oníbodè, kì í rántí ohun tó yàn mọ́.

Ohun tí Freud, dókítà ìlú Vienna, ń wí yàtọ̀ sí èyí. Lójú tirẹ̀, ayé ńbí ni nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀, pàápàá ní kékeré: ìfẹ́ tàbí ẹ̀rù tó ń tini lójú, tí a tì mọ́lẹ̀. Kò kú síbẹ̀. Ó ń gba ojú àlá jáde, ó sì ń gba ẹnu yọ. Nínú ìwé tó kọ ní 1901, ó mẹ́nu ba olórí ilé aṣòfin kan ní Ọ́síríà tó dìde láti ṣí ìjókòó tí kò retí ire kankan níbẹ̀, tó wá kéde pé òun ti pa á dé. Ohun tó wù ú ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Orí inú, ìyẹn orí tí a yàn lọ́run, kò sí lára irú nǹkan báyìí. Kò sẹ́ni tó tì í mọ́lẹ̀; a ti yàn án kí a tó ní ìgbà èwe. Nígbà tí Freud pín èèyàn sí mẹ́ta ní 1923, ọ̀rọ̀ Jámánì ojoojúmọ́ ló lò: Es, “ìyẹn”, Ich, “èmi”, Über-Ich, èyí tó ga ju “èmi” lọ. Ẹ̀rí ọkàn wa sún mọ́ ẹ̀kẹta yìí, nítorí ohùn bàbá àti ìyá wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi orí inú sí ìkankan nínú wọn. Àdàpọ̀ yìí ń ṣe èèyàn léṣe: wọ́n á sọ fún ẹni tí wọ́n fìyà jẹ ní kékeré, tí kò lè sùn títí dòní, pé bó ṣe yàn án nìyẹn. Ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ẹni tó máa gbọ́ ọ.

Ọ̀nà ìwádìí Freud àti ti Ifá gan-an kò jọra. Lọ́dọ̀ Freud, aláìsàn á dùbúlẹ̀ sórí àga gbọọrọ, dókítà á jókòó sẹ́yìn orí rẹ̀, wákàtí kan lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ohunkóhun tó bá wá sí i lọ́kàn ni kó sọ, bó ti wù kó tini lójú tó. Lọ́dọ̀ babaláwo, ẹni tó wá ṣe àyẹ̀wò á gbé owó sún mọ́ ẹnu, á fọwọ́ bò ó, á sọ ẹ̀dùn rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i. Babaláwo kò gbọ́. Ó da ọ̀pẹ̀lẹ̀, ó ń ki ẹsẹ odù tó yọ, ẹni náà sì dákẹ́ tí ń fetí sílẹ̀, títí yóò fi gbọ́ ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu.